Etí Ló Ń Fa Èébì Ojú Òkun, Kì Í Ṣe Òróòro

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ẹni ọdún 67 ni mí, ìyàwó mi sì jẹ́ ẹni ọdún 61. Àwọn ọmọ wa ti sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ méje fún wa nítorí àyájọ́ ìgbéyàwó wa. Láti èbúté Galveston lọ sí Kàríbéánì ni, nínú oṣù Kejì. Ìyàwó mi máa ń bì tó bá wọ mọ́tò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Obìnrin kan tó ń ta àgbo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òróòro ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì fi àgbo fọ inú fún ọjọ́ mẹ́ta kí a tó wọkọ̀, kí a má sì jẹun rárá lọ́jọ́ tí a bá wọ̀ ọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni èmi ń lò, pẹ̀lú èyí tó ń mú ni tọ̀. Ìgò mélòó ló yẹ kí a rà, ṣé a sì lè máa mu ún lọ nínú ọkọ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oríire àyájọ́ ìgbéyàwó yín, ẹ sì bá mi kí màmá. Iye ìgò ni ẹ bi mí, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn: ẹ má ra ẹyọ kan. Èyí tí ẹ bá ti rà, ẹ dà á nù. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi mí ni bóyá òótọ́ ni pé inú ni èébì ojú òkun ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orí ìyẹn ni obìnrin yẹn kọ́ gbogbo ọjà rẹ̀ lé, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Irú ìwé báyìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa nílẹ̀ òkèèrè ti sọ ìrìn àjò ojú òkun di ẹ̀bùn fún òbí, ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé àwọn mìíràn á ti mu àgbo náà tán kí wọ́n tó rántí béèrè. Oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun ni mí. Bí ẹ bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló kan dókítà etí nínú ọ̀rọ̀ èébì, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

Nínú etí lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí a fi ń gbọ́ràn, ọ̀nà tín-ín-rín mẹ́ta wà tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, tí omi sì kún inú wọn. Etí ọ̀tún ní tirẹ̀, etí òsì ní tirẹ̀. Tí a bá yí orí, omi yìí á mi àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, àwọn irun náà á sì jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé orí ti yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àpò kékeré méjì wà tí ẹyọ kálísíọ̀mù tó kéré ju iyanrìn lọ wà nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ fún ọpọlọ bóyá à ń lọ síwájú, bóyá à ń gòkè tàbí à ń sọ̀ kalẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni a fi ń dìde lóru, tí a sì ń rìn nínú òkùnkùn láìṣubú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹ jókòó sínú yàrá yín nínú ọkọ̀ náà. Ojú yín rí ògiri, ibùsùn àti àga, ó sì jẹ́rìí fún ọpọlọ pé ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́. Etí ní rárá o, ara ń gòkè, ara ń sọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí ọpọlọ ti fọkàn tán láti ọjọ́ tí a ti bí yín wá ń tako ara wọn níwájú rẹ̀. Ìtakora yìí ló ń bí òòyì, òógùn tútù, itọ́ tó ń kún ẹnu àti orí fífọ́, lẹ́yìn èyí ni ọpọlọ á pàṣẹ fún ikùn pé kó da ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ikùn ló jẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa òkun.

Ẹ̀yin náà ti rí ẹ̀rí èyí nínú mọ́tò yín. Oúnjẹ kan náà ni ẹ̀yin àti màmá jẹ jáde nílé, ọ̀nà kan náà ni ẹ sì gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó di ọwọ́ ìdarí mú kì í sábà bì, nítorí pé ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ó sì ti mọ̀ pé kọ́nà ń bọ̀ kí etí rẹ̀ tó mọ̀. Ẹni tó ń wo fóònù lẹ́yìn ni í bì. Ká ní òróòro ló fà á ni, kí ló dé tí yíyí àga padà fi ń tó láti wo èébì náà sàn?

Ẹ̀rí mìíràn tilẹ̀ wà tó lágbára ju tèmi lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn òfuurufú ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò ojú sánmà, lẹ́yìn náà, ṣe ìwádìí pẹ̀lú ọkùnrin 11 láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití ti Gallaudet ní Washington. Àrùn yírunyírun, tí í ba awọ tó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ló ti sọ mẹ́wàá nínú wọn di adití láti kékeré, ó sì ti ba ẹ̀rọ tí mo ṣàpèjúwe yìí jẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n gbé wọn lọ sí etíkun Nova Scotia ní Kánádà lórí omi tó ń ru gùdù. Àwọn adití náà jókòó, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń ṣeré. Àwọn onímọ̀ tó wá yẹ̀ wọ́n wò ni èébì dá dúbúlẹ̀, débi pé wọ́n fi àyẹ̀wò ọjọ́ náà sílẹ̀. Àwọn tí kì í bì yìí ní ikùn, wọ́n sì ní òróòro bíi tiwa. Etí inú tó ń ṣiṣẹ́ ni wọn kò ní.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ti bì rí á sọ: ó rí omi kíkorò aláwọ̀ ìyeyè tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn èébì kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, ojú rẹ̀ náà ni òróòro ṣe jáde. Òótọ́ ni, òróòro ni. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi jáde ni pé kò sí ohun mìíràn mọ́ nínú ikùn, tí ọpọlọ kò sì tíì dáwọ́ àṣẹ rẹ̀ dúró, ni ohun tó yẹ kó wà nínú ìfun bá ń padà gòkè. Èébì ló gbé òróòro wá. Ẹni tó bá ti fọ inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó sì gbààwẹ̀ wọkọ̀, ni yóò tètè rí i jù, torí náà ìtọ́jú obìnrin yìí ni yóò pèsè ẹ̀rí tí yóò fi ta ìgò kejì fún yín. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn, kì í ṣe ìṣègùn. N kò bá àwọn àgbà tó mọ ewé jà o, atalẹ̀ tí mo máa dárúkọ láìpẹ́ yìí, egbòogi ni òun náà. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn tí kò fojú rí, tí kò béèrè irú oògùn tó ń lò, ni mo ń bá wí.

Ní tiyín gan-an, bàbá, ọ̀rọ̀ náà ju àdánù owó lọ. Oògùn tó ń mú yín tọ̀ ti ń fa omi àti iyọ̀ kúrò lára yín tẹ́lẹ̀. Tí ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mẹ́ta bá kún un, tí ẹ kò sì jẹun, ìfúnpá yín lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì kọ́ yín lórí àtẹ̀gùn. Pọtásíọ̀mù ara lè dínkù, kí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí lù ségesège. Kíndìnrín náà lè fara gbọgbẹ́. Ẹ má sì ṣe tìtorí ìrìn àjò dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, nítorí pé ẹrù ńlá tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní èbúté lè má dé yàrá yín títí di alẹ́.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ẹ jẹun. Oúnjẹ díẹ̀ tí kò lọ́ra ni kí màmá jẹ kí ọkọ̀ tó ṣí, nítorí ikùn tó ṣófo máa ń dá kún ìríra ni. Bí wọn kò bá tíì yan yàrá, kí àwọn ọmọ bèèrè èyí tó wà láàárín ọkọ̀ gan-an, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ìfì kò ti pọ̀. Ògo yàrá òkè tó wà ní iwájú wà fún ẹni tí etí rẹ̀ le. Àwọn ọkọ̀ ńlá ní apá bí ti ẹja lábẹ́ omi tó ń dín ìfì ọ̀tún sí òsì kù, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ kápá èyí tó ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Ọkọ̀ tó bá ti Galveston lọ sí Cozumel ní Mẹ́síkò sábà máa ń fi odindi ọjọ́ yẹn wà lójú agbami Gulf of Mexico, afẹ́fẹ́ òtútù láti àríwá sì lè ru omi náà nínú oṣù Kejì. Lọ́jọ́ náà, kí màmá má ṣe jókòó sí yàrá tí kò ní fèrèsé, kó má sì tẹjú mọ́ ìwé tàbí fóònù. Kí ẹ jọ wá àga gbọọrọ ní ìta lórí ọkọ̀, kí ẹ kọjú sí ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ yín, kí ẹ máa tàkúrọ̀sọ. Nígbà náà ni ojú àti etí yóò máa sọ ohun kan náà. Ìsinmi tí àwọn ọmọ rà fún yín ni mo fi ṣe oògùn fún yín yìí, kò sì sí ìgò tí mo fẹ́ tà.

Tí ọkọ̀ yín bá yà ní Grand Cayman, ẹ rántí pé àwọn ọkọ̀ ńlá kì í gúnlẹ̀ sí èbúté níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kó èrò lọ sí George Town. Ọkọ̀ kékeré yìí, pàápàá nígbà tó bá dúró de èrò lójú kan, máa ń fì ju ọkọ̀ ńlá lọ. Ẹni tó ti ń gbádùn láti àárọ̀ lè bì níbẹ̀. Kí màmá jókòó síbi tó ti lè rí ilẹ̀.

Ní ti oògùn, ẹ kọ́kọ́ mú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ ń lò lọ bá dókítà yín, nítorí pé n kò yẹ̀ yín wò, ohun tí mo kọ síhìn-ín kò sì lè rọ́pò ẹni tó mọ ara yín. Meclizine wà nílé oògùn láìgba ìwé dókítà. Wákàtí kan kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò ó, oorun ni wàhálà rẹ̀, ẹ má sì pò ó pọ̀ mọ́ ọtí. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí, scopolamine, ń béèrè ìwé dókítà. Ó yẹ kó wà lára fún ó kéré tán wákàtí mẹ́rin kí ọkọ̀ tó gbéra, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: kò yẹ ẹni tó ní àrùn ojú glaucoma, irú èyí tí ọ̀nà omi inú ẹyinjú ti há, ó lè dí ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí próstéètì rẹ̀ ti wú, ó sì lè da iyè àgbàlagbà rú. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́, nítorí pé tó bá kan ojú, ọmọlójú á fẹ̀ gbàgede, ìríran á sì ṣú. Nítorí pé ìyàwó ń lò ó kò túmọ̀ sí pé kí ọkọ lẹ̀ ẹ́. Atalẹ̀ ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀, kò sì burú kí màmá máa mu tíì rẹ̀, àfi tí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní ti ìdè ọrùn ọwọ́ tí wọ́n ń tà pé ó ń dá èébì dúró, owó yín ni.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un kíákíá. Èébì tó bá wá pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, tí àwọn mìíràn nínú ọkọ̀ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti etí mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò norovirus, omi àti ọṣẹ ló sì ń mú un kúrò lọ́wọ́, ọtí ìpawọ́ kò ràn án tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ inú ọkọ̀ kún fún iyọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí dókítà yín sọ nípa iyọ̀. Kí àwọn ọmọ fi inṣọ́ránsì ìrìn àjò kún ẹ̀bùn wọn, nítorí Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbà, kì í sanwó ìtọ́jú nínú ọkọ̀ tó bá ti jìnnà ju wákàtí mẹ́fà lọ sí èbúté Amẹ́ríkà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn máa ń mọ́lé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, torí náà bí màmá bá jìyà díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kó má rò pé báyìí ni gbogbo rẹ̀ yóò rí. Tí ẹ bá padà dé Houston, ilẹ̀ lè máa fì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì, pàápàá tí ẹ bá dúró sí balùwẹ̀ tí ẹ di ojú. Ọpọlọ tó ti kọ́ òkun ni kò tíì gbàgbé rẹ̀, kò béèrè oògùn. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ wá oníṣègùn etí tó sún mọ́ yín. Bó bá sì jẹ́ pé apá kan ara rọ, tí ẹnu wọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀, ẹ má kọ̀wé sí mi.