Àwọ̀ tí kì í tètè dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Vue, irinṣẹ́ JavaScript, ni mo fi ń kọ ìkànnì ilé ìtajà kan, mo sì fi scoped (kí style má bàa kan ibòmíràn) sí style gbogbo component, ìyẹn ẹ̀yà ojú ìwé. Bí ojú ìwé bá ti ọ̀dọ̀ sáfà wá, bọ́tìnnì “Sanwó” kì í ní àwọ̀. Bí mo bá tẹ̀ sí ojú ìwé mìíràn tí mo sì padà, àwọ̀ á dé. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Scoped máa ń lẹ àmì kan, bíi data-v-7ba5bd90, mọ́ HTML inú component, á sì kọ CSS (òfin ìrísí) yín di .sanwo[data-v-7ba5bd90]. Bí ilà ojú ni: àwọ̀ kò ní kan ẹni tí ilà rẹ̀ yàtọ̀. HTML tí sáfà kọ gbé àmì kan, CSS gbé òmíràn. Nígbà tí ẹ padà wá, browser fúnra rẹ̀ ló tún bọ́tìnnì náà kọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bára mu.

Pẹ̀lú Vite, irinṣẹ́ tó ń kọ́ kóòdù Vue jọ, orúkọ fáìlì ni àmì yìí ti ń wá ní development (ìgbà tí a ṣì ń ṣe é lọ́wọ́). Ní production (ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ń lò), ohun tó wà nínú fáìlì náà á kún un. Mo fura gan-an pé ẹ kọ́ kóòdù ti browser ní production, tí ti sáfà sì wà ní development. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ méjèèjì ní production, láti inú fódà kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí “View Source”, kí ẹ fi data-v- ibẹ̀ wé ti inú fáìlì CSS.

Ohun tí v-html, àṣẹ Vue tó ń fi HTML sínú ojú ìwé, bá gbé wọlé kì í gba àmì rárá o. :deep() ni ẹ ó lò nínú CSS yín fún ìyẹn.