Ṣé owó ni a ó san ní charter school?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oṣù méjì sẹ́yìn ni a kó dé Bronx, ní ìlú New York, láti Ìbàdàn. Ọmọ mi yóò pé ọdún márùn-ún ní oṣù Kọkànlá. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má fi í sí public school, pé charter school ló dáa. Ẹ̀rù owó ń bà mí, ìwé ìgbélùú wa náà kò sì tíì jáde. — Ìyá Dámi

Ìdáhùn: Ẹ kú àtìrìn o, Ìyá Dámi. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí owó. Public school ni charter school náà. Ìjọba ló ń náwó sí i, wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ yín, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ìdánwò ṣa ọmọ. (Orúkọ yẹn ló ń dẹ́rù ba àwa tá a ti Nàìjíríà wá.)

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọwọ́ ẹni tí ilé ìwé wà. Ìjọba ìlú ló ń darí ilé ìwé àdúgbò. Charter school ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó ń gba tíṣà, tó sì ń pinnu aago tí ọmọ máa délé. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè bí ilé ìwé ìjọ ṣe rí kí ìjọba tó gbà wọ́n ní àwọn ọdún 1970: owó ìjọba, àkóso ìjọ. Ó jọ ọ́, àyàfi pé charter school kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn. Láti 1998 ni òfin rẹ̀ ti wà ní New York. Àṣẹ tí wọ́n ń fún wọn kì í ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n lè tì í pa. Nítorí náà, ẹ béèrè ìgbà tí àṣẹ ilé ìwé náà máa parí. Òbí kì í sábà béèrè é.

Ní ti ìwé ìgbélùú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá a lẹ́jọ́ ní 1982, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe, pé a kò lè torí rẹ̀ lé ọmọ kúrò ní public school. Ìwé ọjọ́ ìbí tàbí páásípọ́ọ̀tù, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ mú lọ. Káàdì Ìbàdàn yẹn ṣì wúlò, ẹ má jù ú nù o.

Ẹ tún yára. Ọdún tí wọ́n bí ọmọ ni ìlú New York ń wò: ẹni tó bá máa pé márùn-ún kí oṣù Kejìlá tó parí ti tó wọ kindergarten (kíláàsì tó ṣáájú kíláàsì kìíní) ní oṣù Kẹsàn-án. Dámi ti tó nìyẹn. Ẹ ṣáà bi charter school tí ẹ bá fẹ́ bóyá ọjọ́ tiwọn yàtọ̀.

Bí àwọn tó fẹ́ wọlé bá pọ̀ ju àyè lọ, kèké ni charter school ń ṣẹ́, àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ àti ọmọ àdúgbò ló sì ń ṣíwájú. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ kí fọ́ọ̀mù ti wọlé. Tó bá ti kọjá, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sára àwọn tó ń dúró.

Èmi ò ní gbára lé kèké nìkan. Ẹ forúkọ Dámi sílẹ̀ ní ilé ìwé àdúgbò yín báyìí. Bí kèké bá mú un, ẹ lè gbé e kúrò. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ wo méjèèjì. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ṣàìgbọràn wí, àti iye ọmọ tó kúrò láàárín ọdún. Ẹ tún wo bí ó ṣe jìnnà tó, torí ẹ kò tíì rí òtútù oṣù Kìíní.

Bí ẹ kò bá mọ ilé ìwé àdúgbò yín, ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú New York, kí ẹ sọ àdírẹ́sì yín. Ẹ lè ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá fún yín.