Ọ̀sẹ̀ 12 láti kọ́ èdè Sípáníìṣì: Sípéènì ni àbí Guatemala?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 52 ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester, pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ni mo ní. Mo ti gba ìsinmi oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ láti lọ kọ́ èdè Sípáníìṣì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé Sípéènì ni kí n lọ ni, àbí Guatemala táwọn kan ń dárúkọ? Ṣé orí mi ṣì máa gbà á lọ́jọ́ orí yìí? Kí ni kí n ṣe kí owó mi má baà ṣòfò?

Ìdáhùn: Guatemala ni kí ẹ lọ, mà. Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Antigua ni ilé-ẹ̀kọ́ èdè pọ̀ sí jù, ìlú tó jẹ́ olú-ìlú rí kí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1773 tó lé ìjọba kúrò níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rin láàárọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ni ètò wọn sábà máa ń jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó olùkọ́ tó jẹ́ tiyín nìkan níbẹ̀ kì í tó owó kíláàsì ẹlẹ́ni mẹ́wàá ní Sípéènì. Bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ẹlẹ́ni mẹ́wàá, bí wọ́n bá pín wákàtí kan dọ́gba, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló kàn yín, àgbàlagbà sì sábà máa ń fi tiẹ̀ sílẹ̀ fáwọn ọmọdé tí ẹnu wọn yá.

Ní ti orí yín, ó máa gbà á. Ọ̀rọ̀ tuntun kì í tètè dúró mọ́ bíi ti ìgbà èwe, nítorí náà ẹ má kọ́ ju ogún lọ lójúmọ́, kí ẹ sì padà sórí wọn lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹrin, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣáà mọ ibi tó lè gbé yín dé. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ 240. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sì ka bíi 600 sí 750 fún ẹni tó fẹ́ fi èdè yìí ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú ìpele mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ èdè, láti A1 dé C2, A2 (ìkejì) tó múlẹ̀, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ B1 (ìkẹta), ni kí ẹ máa retí. Ẹ máa lè bi aláìsàn pé "¿Dónde le duele?" (ibo ló ń dùn yín?) kí ẹ sì gbọ́ èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́ta bá ń jiyàn nídìí tábìlì, ọ̀rọ̀ wọn á ṣì máa sáré kọjá yín.

Ohun tó ń jẹ owó èèyàn jù ni kí ó gúnlẹ̀ lófo, kí ó wá máa sanwó fún olùkọ́ láti kọ́ ọ ní oókan, eéjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́: òǹkà dé 100, àti bí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ser àti estar (jẹ́, wà), tener (ní), ir (lọ), hacer (ṣe) àti poder (lè) ṣe ń yí fún ìsinsìnyí. Ìró èdè wọn kò ní pọ́n yín lójú. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni wọ́n ní, tiwa sì jẹ́ méje yàtọ̀ sí àwọn àránmúpè. Bí ẹ bá ti ń pe a, e, i, o, u ní Yorùbá gan-an ni kí ẹ pè é. Etí tó ti mọ ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ máa ń tètè gbọ́ ìyàtọ̀ hablo (mo ń sọ̀rọ̀) àti habló (ó sọ̀rọ̀). Ẹ kàn má ṣe fi p tiwa pe tiwọn. Ètè nìkan ni tiwọn. Ibi tó máa ta kókó ni r kan àti rr méjì, pero (ṣùgbọ́n) àti perro (ajá), àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Tiwa kì í yí: mo lọ, ó lọ, wọ́n lọ. Tiwọn: fui, fue, fueron. Ẹ fi usted bẹ̀rẹ̀, èyí tó dà bí "ẹ" tiwa. Wọ́n ń lò ó gan-an ní Guatemala, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà sì ni òun àti "ó" jọ ń lò, nítorí náà ẹrù yín dín kù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, ó lè dà bíi pé ẹ ń rẹ̀yìn. Oríṣi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì fún ohun tó ti kọjá ló máa ń fa èyí, bíi llovió (òjò rọ̀) àti llovía (òjò ń rọ̀ nígbà yẹn). Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan wà lẹ́nu wọn máa ń jìyà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "òjò rọ̀" àti "òjò ń rọ̀" ti wà lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀. "Nígbà tí mo dé, òjò ń rọ̀": Cuando llegué, llovía. Tí ẹ bá ti ń ronú gba ọ̀nà "ń" yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ á tú.

Ẹ má san owó ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ san ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì pààrọ̀ olùkọ́ lópin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bí òun bá ń sọ̀rọ̀ jù yín lọ; kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Ilé ìdílé kan ni kí ẹ gbé. Wọ́n sábà máa ń fún èèyàn lóúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ilé, àti bóyá àwọn onílé ń bá wọn jẹun. Ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá wà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi jẹ ẹ̀wà dúdú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ kó lọ sí Quetzaltenango, tí wọ́n ń pè ní Xela, torí Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti Antigua. Ó ga ju mítà 2,300 lọ, òtútù òru rẹ̀ sì mú. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rí dókítà kí ẹ tó lọ.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín láti gbé níbẹ̀, Guatemala, Honduras, El Salvador àti Nicaragua ló jọ ni ín, nítorí náà bí ẹ bá sọdá ẹnubodè sí Honduras, kò sọ ọ́ di tuntun. Òjò wà láti oṣù Karùn-ún dé Ìkẹwàá. Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, Antigua máa ń kún, gbogbo nǹkan sì ń gbówó lórí. Bí ẹ bá máa kọ́kọ́ ya Nàìjíríà, ẹ mú yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ẹ lè wọkọ̀ gba Madrid, tàbí kí ẹ gba Amẹ́ríkà pẹ̀lú ESTA, ìyẹn àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò dípò fìsà. Tí ó bá sì wù yín láti ya Kúbà nítorí àwọn òrìṣà wa tó wà níbẹ̀, ẹ rò ó dáadáa: ẹni tó bá ti dé Kúbà láti 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 kò lè lo ESTA mọ́, fìsà ló máa lọ gbà.