Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ fi ẹranko hàn yín

ÌBÉÈRÈ: Ọkùn o. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí ní Ìyàrà. Ọmọ mi tó ń gbé ní Johannesburg ní kí n wá kí òun nínú oṣù Kẹjọ. Ó ní òun fúnra òun ni yóò wa mọ́tò gbé mi wọ ọgbà ẹranko Kruger fún ọjọ́ mẹ́ta, a ò ní gba afinimọ̀nà. Ẹyẹ ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ mo fẹ́ rí erin àti kìnnìún náà. Báwo la ṣe máa ṣe é tí a ò fi ní kàn jẹ eruku kiri? (Màmá Ìyàrà)

ÌDÁHÙN: Ọkùn o, Màmá. Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa mú èèyàn lọ wo ẹyẹ àti ẹranko.

Ẹ má wá kìnnìún. Ẹyẹ tí ẹ fẹ́ràn yẹn gan-an ni kí ẹ máa wá, òun ló máa mú yín débẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wọ Kruger, kìnnìún ni mo ń lé kiri. Ọgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 kìlómítà níbùú lóòró, a wa mọ́tò títí ilẹ̀ fi ṣú, ìdí ẹran tó ń sá wọgbó la rí. Lọ́jọ́ kejì, ó ti rẹ̀ wá, a dúró létí odò Sabie, a pa ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́ tí àwọn ẹtù tó ń jẹ̀ lábẹ́ igi fi figbe ta. Agbo impala tó wà nítòsí, ẹran tó jọ egbin, dẹ́kun jíjẹ, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Àwa náà wo ibẹ̀. Ìrù ni mo kọ́kọ́ rí, tó rọ̀ wálẹ̀ lára ẹ̀ka igi, tí ṣóńṣó rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ẹkùn ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹyẹ. Bí igún bá pọ̀ lórí igi, tí wọ́n ń wolẹ̀ tí ọ̀kankan ò sì balẹ̀, ẹ rọra dúró: ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pa ẹran ṣì wà nídìí oúnjẹ rẹ̀. Tí wọ́n bá kàn ń rà bàbà lókè lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń gbé wọn, kò fi dandan sí òkú ẹran. Ẹyẹ kékeré kan wà lọ́hùn-ún, ẹlẹ́nu pupa, tó máa ń dì mọ́ ara ẹfọ̀n àti àgùnfọn, tó ń ṣa eégbọn jẹ. Bí ẹ bá gbóhùn rẹ̀ nínú igbó tó dí, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Lékeléke ń tẹ̀ lé erin àti ẹfọ̀n bó ṣe ń tẹ̀ lé màlúù Fúlàní níbí.

Ẹ rí i pé ẹ ò lọ bí àjèjì. Ẹlúlùú pàápàá wà níbẹ̀: mọ̀lẹ́bí tiwa ni, kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ ohùn kan náà ni wọ́n fi ń ké, bí omi tó ń dà lẹ́nu akèrègbè. Àwọn ará ibẹ̀ náà máa ń pè é ní ẹyẹ òjò.

Nínú oṣù Kẹjọ, òjò ń rọ̀ ní Ìyàrà, ọ̀gbẹlẹ̀ ni tiwọn. Ewé ti wọ́, koríko ti fọ́nká, omi ò pọ̀, nítorí náà ẹ lọ jókòó sétí omi. Adágún Sunset Dam wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lower Sabie, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí àlejò ń sùn sí nínú ọgbà náà. Ní adágún Lake Panic nítòsí Skukuza, ibùdó mìíràn, wọ́n kọ́ ilé kékeré kan tí ẹ lè jókòó sí kí ẹyẹ má rí yín. Wákàtí kan níbẹ̀ sàn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Àwọn ẹyẹ tó ń ti òkèèrè wá nígbà òjò wọn ò ní sí níbẹ̀ nígbà náà, ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ sọ fún ọmọ pé 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà lórí ọ̀dà, 40 lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀. Kó sá 25, kó máa dúró dáadáa. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni géètì ń ṣí lóṣù yẹn, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń tì. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò àyàfi níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ẹ lè sọ̀. Bí erin bá dí ọ̀nà, ẹ má fọn fèrè. Bó bá na etí tó ń mi orí, ẹ rọra fi mọ́tò rìn sẹ́yìn.

Tí ẹ bá fẹ́ ra awò olójú méjì, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló dára: ó ń mú nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po mẹ́jọ, kò sì ní wúwo jù lọ́rùn yín. Bí ẹ bá rí ẹyẹ, ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀ láti wá awò; ojú ò kúrò, ẹ gbé awò wá bá ojú. Ẹ máa fi àwọn ẹ̀ga ẹ̀yìnkùlé yín kọ́ ọ láràárọ̀ láti ìsinsìnyí.

Àárọ̀ ibẹ̀ tutù lóṣù Kẹjọ, ẹ mú súwẹ́tà dání. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì fi káàdì rẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà yín.