Èsì: Kí ló mú kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe Rambo kógbá sílé?

Okun o, àbúrò. O béèrè ohun tó pa ilé-iṣẹ́ tó ṣe Rambo tí a máa ń wò ní Kábà nígbà kan. Carolco lorúkọ ẹ̀. Mario Kassar àti Andrew Vajna ló dá a sílẹ̀ ní 1976. Bí àgbẹ̀ Ìyàrà tó gbowó iṣu nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè, wọ́n máa ń ta ẹ̀tọ́ fíìmù fáwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó yà á, owó yẹn ni wọ́n á sì fi yà á. Ó gbè wọ́n gan-an: Rambo àkọ́kọ́ jáde ní 1982, Terminator 2 ní 1991, èyí tó pa ju mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ.

Àmọ́ ìnáwó wọn ò níwọ̀n. Ọkọ̀ òfuurufú wà lára ohun tí wọ́n fi san owó iṣẹ́ Schwarzenegger, òṣèré inú Terminator 2, ẹ gbà mí o! Vajna ti ta ìpín tiẹ̀ ní 1989; lójú tèmi, òun ló gbọ́n jù.

Àwọn kan ní fíìmù olè ojú òkun tí wọ́n ṣe, Cutthroat Island, ló pa wọ́n. Mi ò gbà. Gbèsè ti mu wọ́n dé ọrùn. Wọ́n ti lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ò lè san án mọ́ kí fíìmù náà tó jáde ní Oṣù Kejìlá 1995.