Èsì: Ẹ̀wà inú fúláàsì láti dín owó gáàsì kù

Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó ilé. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni pé téèyàn bá da omi híhó sórí ẹ̀wà nínú fúláàsì lálẹ́, yóò ti jinná kílẹ̀ tó mọ́. Mo ti dán an wò.

Agolo ẹ̀wà olóyin méjì ni mo ṣà, mo fọ̀ ọ́, mo dà á sínú fúláàsì oúnjẹ, mo bu omi híhó kún un. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ẹ̀wà ti wú, ooru díẹ̀ ṣì ń bù sí mi lójú. Inú mi ti ń dùn! Mo ju ẹyọ kan sẹ́nu: kẹ́ú! Èèpo rẹ̀ rọ̀, inú rẹ̀ le, ó ṣì ń rùn bí ẹ̀wà tútù. Mo tún gbé e kaná ni. Ọkọ mi ní ṣé kí òun bá mi gbé fúláàsì náà kaná pẹ̀lú.

Ooru fúláàsì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀wà sì fẹ́ kí omi máa hó mọ́ ọn lára. Èyí tí mo wá ń ṣe báyìí ni pé mo ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mo ń da omi yẹn nù, mo jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 15, mo pa gáàsì, mo fi aṣọ ìbora ògbólógbòó wé ìkòkò fún wákàtí kan láìṣí i, kí n tó tún tan iná. Ó máa ń yára rọ̀ lẹ́yìn náà.

Ti paracetamol tí wọ́n ní kí ẹ jù sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa fífi í se oúnjẹ, àpọ̀jù rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kán-ún bíńtín sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ò fẹ́ràn bó ṣe ń rí lẹ́nu.