Èsì: Síso ẹ̀rọ Daytona USA méjì pọ̀

Ẹ béèrè ìdí tí ẹ̀rọ Daytona USA yín méjèèjì (ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń ṣe eré ìdíje ọkọ̀ ti Sega) kò fi rí ara wọn lẹ́yìn tí ẹ fi wáyà kan ṣoṣo so wọ́n. Bí òrùka ni ìsopọ̀ yìí ṣe rí: TX (ihò tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́) ti ẹ̀rọ kìíní gbọ́dọ̀ lọ sí RX (ihò tó ń gba ìsọfúnni) ti èkejì, kí TX ti èkejì sì padà sí RX ti kìíní, nítorí náà wáyà méjì ni ẹ nílò fún ẹ̀rọ méjì. Títí dé ẹ̀rọ 8, ìlànà òrùka kan náà ni. Nínú ètò àyẹ̀wò (test mode) ẹ̀rọ náà, ẹ fi ọ̀kan ṣe Master (èyí tó ń darí), kí ìyókù jẹ́ Slave (èyí tó ń tẹ̀lé e). Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣẹ́ wáyà náà po, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Eruku bíńtín lẹ́nu rẹ̀ ti dá èmi náà dúró rí.